Kajú Tó Pa Ògbufọ̀ Lẹ́nu Mọ́

Ọjọ́ kan wà tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi: ọjọ́ tí mo jí ní ìlú kan létí òkun ní Brazil, tí ètè mi ti wú bíi pọ̀nmọ́ tí wọ́n rẹ sómi mọ́jú. Tí mo bá ń fọ eyín láàárọ̀, mo ṣì máa ń rántí ẹ̀. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ fún yín kí mọ́mì mi tó sọ ọ́, torí tiwọn máa ń gùn, wọ́n sì máa ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe bí ètè yẹn ṣe tóbi tó.

Torino ni wọ́n bí mi sí, Torino ni mo ti kàwé, Torino náà ni mo ti fi ìwé sílẹ̀. Yunifásítì ni mo wà, mò ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà, ọdún kejì ni mo wà nígbà tí èmi àti ìṣirò gbà pé ká kúkú pínyà. Kò sí ìjà. Ìdánwò kan ṣoṣo ni mo ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin, nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ọ̀gá tó ń ṣọ́ wa ti ń kí mi bí ẹni ń kí mọ̀lẹ́bí. Mo bá fi í sílẹ̀. Àmọ́ mi ò lè jókòó sílé, torí mọ́mì mi ò mọ̀. Magazzino kan, ìyẹn ilé ìkẹ́rùsí, ní Novara ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń di ẹrù níbẹ̀, treno ìdájí, ọkọ̀ ojú irin, ni wọ́n sì ń wọ̀ lọ. Tí wọ́n bá ti jáde tán, èmi náà á gbé báàgì kọ́ èjìká bí ọmọlúàbí, ó di ilé ìkàwé àdúgbò, ibi tí hítà wọn ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi sùn lórí tábìlì kan níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ẹnjinníà ni gbogbo wọn ń pè mí. Mọ́mì mi á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí mọ́mì mi ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, ìyẹn ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. Mọ́mì Ferrara ni gbogbo wa ń pè wọ́n, torí Ferrara ni wọ́n ń gbé, lẹ́bàá ibùdókọ̀ treno. Àwọn arúgbó òyìnbó ni wọ́n ń tọ́jú nílé wọn, ó ti lé lógún ọdún báyìí. Tí Mọ́mì Ferrara bá ní kí mọ́mì mi jókòó, wọ́n á ti jókòó kí wọ́n tó béèrè ìdí. Torí náà, ètò mi ò le rárá: màá wá ojúure Mọ́mì Ferrara, màá jẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n á bá mi bẹ mọ́mì mi. Tí wọn ò bá bá mi bẹ̀bẹ̀, mo mọ ibi tí mò ń lọ. Mọ́mì mi ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọ tó bá fi ìwé sílẹ̀ nínú ilé àwọn, ọ̀dọ̀ àbúrò àwọn ọkùnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń lọ. Àbúrò wọn yẹn, tíṣà ìṣirò ni.

Ọ̀nà wá là fúnra ẹ̀. Mọ́mì Ferrara pé ọgọ́ta ọdún, àwọn ọmọ wọn sì ní àwọn fẹ́ fún wọn ní ẹ̀bùn ìrìnàjò. Wọ́n bi wọ́n pé ibo ni wọ́n fẹ́ lọ. A rò pé Jerúsálẹ́mù ni wọ́n máa pè. Wọ́n ní rárá o, Natal làwọn fẹ́ lọ, ní Brazil, torí àwọn rí i nínú tẹlifíṣọ̀n pé igi kajú kan wà nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n ní kò sí irú ẹ̀ láyé. Abẹ́ igi kajú ni wọ́n dàgbà sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀bùn ti dé, ó ku ẹni tó máa tẹ̀ lé wọn. Ọmọ wọn kan ń ṣiṣẹ́ ní Padova, ìkejì ń ṣiṣẹ́ ní Novara, ọ̀gá ò fún ìkankan nínú wọn ní ferie, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní, "Ìsinmi ni a wà níléèwé báyìí, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ n bá yín lọ. Mo tiẹ̀ gbọ́ èdè Potogí."

Ẹ má wo ojú mi. Lójú tèmi, Potogí ni Italiano tí wọ́n gba imú sọ.

Ọjọ́ kìíní tí a débẹ̀, èmi ni mo ń jẹ́ gbogbo nǹkan: ògbufọ̀, amọ̀nà, ayàwòrán. Etíkun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ponta Negra, òkè iyanrìn gíga kan sì wà ní ìpẹ̀kun ẹ̀ tí igi bò lọ́tùn-ún lósì, tí àárín ẹ̀ pá borogidi. Mọ́mì Ferrara bi mí pé kí nìdí tí igi ò fi hù láàárín. Mo ní àwọn sójà ló fá a nígbà ogun, kí àwọn ọkọ̀ ojú omi lè máa rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí i. Mọ́mì mi orí, wọ́n ní, "Ìwé dáa." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi díẹ̀, àmọ́ kò dá mi dúró. A wọ ibi tí wọ́n ti ń jẹun, mo fi ọkàn balẹ̀ bá ẹni tó ń gbé oúnjẹ sọ̀rọ̀, mo gbà pé ẹja díndín àti ìrẹsì ni mo pè. Nígbà tó padà dé, àwọn odidi akàn ni, wọ́n ń wò wá láti inú àwo, pẹ̀lú òòlù igi méjì.

Mọ́mì ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń se ẹja níbí nìyí?"

"Akàn ni mo pè, Mọ́mì. Mo fẹ́ kí ẹ tọ́ ọ wò."

Wọ́n gbàdúrà sóúnjẹ, wọ́n mú òòlù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ akàn bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. Tèmi ta mọ́ tábìlì kejì. Mo lọ tọrọ ẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí Genipabu, níbi tí iyanrìn ti ga bí òkè tó sì lọ títí dé etí omi. Mọ́tò kékeré kan tí ò lórí, buggy ni wọ́n ń pè é, ni wọ́n fi ń gbé àlejò káàkiri ibẹ̀. Mọ́mì ti fi ìborí funfun wé orí, ó wé dáadáa, wọ́n jókòó bí ayaba. Dírẹ́bà yíjú padà, ó bi wá ní ìbéèrè tí gbogbo wọn máa ń bi èèyàn níbẹ̀: ṣé "com emoção" ni àbí "sem emoção". Ìyẹn ni pé ṣé kóun fi eré sí i kí mọ́tò máa fò, àbí kóun rọra máa lọ. Eléyìí yé mi kedere. Ìgbà àkọ́kọ́ tí nǹkan yé mi látìgbà tí a ti dé nìyẹn, mi ò sì fi ṣe rere.

"Kí ló wí?" Mọ́mì béèrè.

"Ó ní ṣé ẹ ń gbádùn ìlú àwọn."

"Sọ fún un pé à ń gbádùn ẹ̀ gan-an."

Mo kọjú sí dírẹ́bà, mo ní, "Com emoção."

Mọ́tò yẹn gun òkè iyanrìn kan, ó dúró ṣín-ún lórí ẹ̀ bí ẹni tó ń ro àròjinlẹ̀, ó wá já wá sílẹ̀. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ Sáàmù. Dírẹ́bà gbọ́ ohùn wọn, ó rò pé orin ni, ó na àtàǹpàkò sókè, ó fi kún iná. Ìborí funfun yẹn bọ́, ó fò lójú mi bí ẹyẹ lékeléke, inú adágún omi kan ló lọ bà sí. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ohùn tó ròkè jù nínú mọ́tò yẹn, tèmi ni. Mo ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń gbé kọjá odò. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Mọ́mì ń gbọn iyanrìn kúrò nínú etí. Mo ní ọ̀la ni ti igi kajú, ibẹ̀ ni màá ti tún orúkọ ara mi ṣe, ibẹ̀ náà ni màá ti jẹ́wọ́.

Ọjọ́ kẹta ni a lọ sí Pirangi, níbi tí igi náà wà. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì débẹ̀, ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ẹ sì ní ẹ̀tọ́, àmọ́ òótọ́ ni tèyí: igi kan ṣoṣo ni, ó sì dà bí igbó. Ẹ̀ka ẹ̀ á gùn, á wúwo, á tẹ̀ wá sílẹ̀, á ta gbòǹgbò níbẹ̀, á tún dìde máa lọ. Wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà sábẹ́ ẹ̀ tí àlejò ń gbà. Àsìkò èso ni, òórùn kajú gba gbogbo ibẹ̀, ó dùn, ó tún kan díẹ̀. Mọ́mì gbé ọwọ́ lé ẹ̀ka kan.

"Abẹ́ irú èyí ni ìyá wa máa ń tẹ́ ẹní fún èmi àti ìyá ẹ," ni wọ́n wí. "Ìyá ẹ kì í fẹ́ sùn lọ́sàn-án. Á máa ka ewé. Á ní òun fẹ́ mọ iye tó wà lórí igi."

Ojú wọn ti kún fún omi. Àkókò tó yẹ kí n jẹ́wọ́ gan-an nìyẹn. Mo ti la ẹnu, mo ti pe "Mọ́mì," nígbà tí wọ́n nu ojú, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ Torino, inú ọ̀rá lẹ ti mọ kajú. Ẹ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Ó dùn mí. Kí wọ́n ní mi ò mọ ìṣirò, mo gbà. Kajú kẹ̀?

"Mo mọ̀ ọ́n, Mọ́mì," ni mo wí. "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

Wọ́n ní ó dáa, wọ́n bọ́ síwájú láti ya fọ́tò. Ibi tí mo dúró sí ni bàbá òyìnbó kan ti bá mi. Ará Cuneo ni, ìlú kan tí ò jìnnà sí Torino, oko nocciola ni wọ́n ní lọ́hùn-ún, ẹ̀pà kékeré tó ní èèpo líle yẹn, tí wọ́n fi ń ṣe ṣokoléètì. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Torino ni mo ti wá, inú wọn dùn, a di ará ilé. Wọ́n ṣa kajú méjì tó já sílẹ̀, èso pupa rírọ̀ pẹ̀lú kóró aláwọ̀ eérú tó so mọ́ ìdí ẹ̀ bíi kíndìnrín. Wọ́n fi kóró yẹn hàn mí.

"Ibí yìí ni ẹ̀pà ẹ̀ wà, àbí?"

"Ibẹ̀ gan-an ni."

"Báwo ni ẹ ṣe ń fọ́ ọ nílé yín? Àwa, eyín la fi ń fọ́ nocciola. Bàbá mi fi eyín fọ́ ọ dọ́jọ́ ikú wọn."

Ẹ wò ó, ó kù díẹ̀ kí n sọ pé mi ò mọ̀. Gbólóhùn náà ò gùn. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn ń wò mí bí ẹni pé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló kóra jọ sẹ́nu mi láti dáhùn. Mo gbé àyà síta. Mo ní, "Bákan náà ni. Eyín ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa." Mo já kóró yẹn kúrò lára èso, mo fi sáàárín eyín ẹ̀yìn, mo gé e.

Èèpo yẹn fọ́ lóòótọ́. Omi kan tú jáde nínú ẹ̀, dúdú, ó ń yọ̀ bí epo mọ́tò. Mo rẹ́rìn-ín sí bàbá yẹn kó lè rí i pé ó dùn. Mo fi ahọ́n lá ètè. Kò pẹ́ ni ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó gbóná bíi pé mo fi ẹnu ko áyọ́ọ̀nù. Mi ò yéé rẹ́rìn-ín. Bàbá Cuneo náà ti mú tiwọn, ó ti dé ètè wọn, nígbà tí mo gbọ́ ìró bàtà lórí pákó. Mọ́mì Ferrara ni. Mi ò rí wọn sáré rí láyé mi. Wọ́n gbá kóró yẹn dànù lọ́wọ́ bàbá olóko, ó sì dún pàá, gbogbo ojú ló yí sí wa.

"No, signore," ni wọ́n wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń bá àwọn arúgbó wọn ní Ferrara sọ̀rọ̀. "Quella brucia la bocca." Ìyẹn ni pé nǹkan yẹn máa ń jó ẹnu. Wọ́n wá ṣàlàyé fún bàbá náà ní Italiano tó já gaara pé epo inú èèpo yẹn máa ń bó ara èèyàn, pé inú agolo tí wọ́n lu ihò sí ni wọ́n ti ń sun ún ní ìta gbangba, pé ẹni tó ń sun ún gan-an kì í dúró sọ́nà èéfín. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n sọ èyí tó gbẹ̀yìn náà.

Wọ́n wá yíjú sí mi. "Yanu."

Mo ya ẹnu. Mọ́mì Ferrara kì í rìn láìsí ìgò kékeré kan nínú báàgì wọn, òróró àdúrà tí pásítọ̀ ti gbàdúrà sí. Wọ́n ṣí i, wọ́n dà á sí mi létè, sí àgbọ̀n, sínú ẹnu, wọ́n fi áńkáṣíìfù nù ún, wọ́n tún da òmíràn. Wọ́n ní òróró ló ń gba epo yẹn kúrò, omi lásán ò lè gbà á. Wọ́n sì ń gbàdúrà sí i, kí ìṣẹ́jú kankan má baà ṣòfò. Àwọn àlejò dúró yí wa ká. Ọ̀kan ń ya fídíò. Bàbá Cuneo ti bọ́ fìlà.

Ìwúlò òróró yẹn ni pé mo ṣì ní ètè lónìí. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó ti wú, ó ti yọ omi léròrò. Mo wo dígí, mi ò dá ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀. Mo fẹ́ sọ pé "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì," ohun tó jáde ni "Ẹ ááọ, ọ́ọ̀." Ògbufọ̀ ti kú. Mọ́mì mú mi lọ́wọ́ bí ọmọ jẹ́léósinmi, ó di farmacia.

Ibẹ̀ ni ojú ti kọ́kọ́ tì mí tòótọ́. Mọ́mì ń sọ Italiano díẹ̀díẹ̀, obìnrin tó ń ta oògùn ń fi Potogí dá wọn lóhùn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yékéyéké. Wọn ò nílò mi. Láti ọjọ́ kìíní ni wọn ò ti nílò mi. Obìnrin yẹn wo ètè mi, ó fún mi ní ìpara, ó wá béèrè nǹkan kan, ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Ó ní irú iṣẹ́ wo lọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń ṣe.

Mọ́mì na ọrùn. "Ingegnere," ni wọ́n wí. "Yunifásítì ló wà."

Obìnrin yẹn ò lè mú un mọ́ra mọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n ń fi mí yangàn níwájú ẹni tó ń fi mí rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ẹnu tí mo gbé dúró síbẹ̀. Mi ò lè fara dà á. Mo mi orí pé rárá.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́ ni, ọkọ mi?"

Mo tún mi orí. Mo fa fóònù yọ. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níta tó kọjú sí òkun, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: Mọ́mì, mi ò lọ sí yunifásítì mọ́. Mọ́mì mi ò mọ̀. Mọ́mì Ferrara wọ awò ojú, wọ́n kà á. Wọ́n tún kà á.

"Láti ìgbà wo?"

Mo na ìka mẹ́rin.

"Ọjọ́ mẹ́rin?"

Mo mi orí.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin?"

Mo mi orí.

"Ó tó. Má jẹ̀ẹ́ n débi ọdún." Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n ń wo omi. "Ṣé o rò pé mi ò gbọ́ ohun tí dírẹ́bà yẹn wí? Emozione ni àwa ń pè é, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti wà ní Italy. Mo dákẹ́ torí èmi náà fẹ́ kó fò. Àmọ́ mo rí i níbẹ̀ pé ẹnu ẹ yá ju orí ẹ lọ. Mò ń retí ìgbà tí o máa sọ èyí tó kù."

Wọ́n pe mọ́mì mi lórí fídíò. Ọ̀sán ni lọ́hùn-ún, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ ní magazzino, wọ́n ṣì wọ ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tó ń dán. Ẹ̀gbọ́n wọn gbé fóònù sí mi lójú.

"Wò ó dáadáa ná."

"Jésù. Ta ló lù ú, àǹtí mi?"

"Kajú ni. Ó fi eyín gé e ní tútù."

Mọ́mì mi gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ọmọ tèmi? Kajú?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n pe àwọn obìnrin tó wà nítòsí pé kí wọ́n wá wo Ẹnjinníà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ṣé o ti rẹ́rìn-ín tán?" Mọ́mì Ferrara bi wọ́n. "Ó dáa. Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí o jókòó. Ọ̀rọ̀ kejì ń bọ̀."

Wọ́n sọ ọ́, wọn ò dín in, wọn ò fi kún un. Ojú mọ́mì mi yí padà. Wọ́n wò mí nínú fóònù yẹn, wọ́n ń dúró kí n sọ̀rọ̀, torí ìgbà gbogbo ni mo máa ń ní ọ̀rọ̀ sọ. Ká ní ẹnu mi dá ni, mo mọ̀ pé ǹ bá ti di ẹ̀bi náà ru ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀, ǹ bá ti pa irọ́ àìsàn kan mọ́ ara mi. Ètè ò gbà. Mo kàn ń wò wọ́n, ìpara ń kán sí mi láyà.

"Oṣù mẹ́rin," ni wọ́n wí. "Mo sì ń se oúnjẹ sí i nínú báàgì."

"Ó ti wí i fúnra ẹ̀," Mọ́mì Ferrara dá wọn lóhùn. "Mi ò bi í. Má rán an lọ síbì kankan. Jẹ́ kó wà lábẹ́ ojú ẹ."

Mọ́mì mi dé abọ́ oúnjẹ wọn. Wọ́n wá ní, "Kó kọ́kọ́ sàn ná. Tó bá sàn, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọ treno ìdájí."

Bó ṣe rí nìyẹn títí dòní. A jọ ń jí, a jọ ń wọ treno, mò ń di ẹrù nítòsí wọn, gbogbo magazzino sì ń pè mí ní Ẹnjinníà, àwọn tó mọ̀ àti àwọn tí ò mọ̀. Mọ́mì mi kì í fi ìwé bú mi. Kajú sísun ni wọ́n kàn máa ń fi ọ̀rá wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ mi, wọ́n á dúró wò mí títí màá fi jẹ ẹ́. Ohun tí mo rí kọ́ ò pọ̀: "mi ò mọ̀ ọ́n" kì í bó ètè. Mo ti ń sọ ọ́ báyìí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń tì mí lójú díẹ̀.

Nígbà Kérésì tó kọjá, páálí kan dé láti Cuneo. Bàbá olóko yẹn, tí wọ́n ti gba àdírẹ́sì wa lábẹ́ igi kajú, ló fi ránṣẹ́. Nocciola ni, wọ́n ti bó gbogbo èèpo ẹ̀ kúrò, wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé pẹlẹbẹ kan pé ti ọ̀gbẹ́ni eléyín ni. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo mú ẹyọ kan, mo gbé e dé ètè, mo gbé e sílẹ̀, mo sì pe Mọ́mì Ferrara lórí fóònù láti bi wọ́n bóyá èèyàn lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.